Ooru Sítọ́ọ̀ Wa Ló Ń Bá Kòkòrò Tọ́mọ

    

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti pàǹtí. Ọ̀rọ̀ kòkòrò ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, a fẹ́ pinnu ohun tí a ó fi owó tí ẹgbẹ́ dá jọ ṣe. Àwọn kan ní kí á fi ra aṣọ ẹgbẹ́ fún ayẹyẹ ọdún. Àwọn kan ní kí á fi tún sítọ́ọ̀ àjùmọ̀lò tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ṣe. Àwa akọ̀wé yín kì í sábà gbè sẹ́yìn ẹnì kan, nítorí ẹni tó ń kọ ìwé ìpàdé kò gbọdọ̀ máa bá wọn jà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí eléyìí, a ò lè panu mọ́. Sítọ́ọ̀ ni kí owó náà lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ẹ̀wà là ń tà, ẹ mọ̀ wá. Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, nígbà tí ẹ̀wà tuntun dé láti òkè Ọya tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, a ra báàgì méjìlá olóyin lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. A tú ẹnu báàgì wò, a ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. A kó mẹ́wàá sí sítọ́ọ̀ àjùmọ̀lò. Ibẹ̀ kún, la bá gbé méjì tó kù lọ sílé, a kó o sí yàrá tí ìyá ọkọ wa ń gbé kí wọ́n tó di olóògbé. Yàrá alámọ̀ ni, igi máńgòrò ló ṣíji bò ó. Èrò wa ni pé kí ó di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún kí á tó máa tú u tà, nígbà tí owó bá ti gòkè.

Nígbà tí a ṣí sítọ́ọ̀ nínú oṣù kẹrin, a ò tíì fọwọ́ kan báàgì tí a ti ń gbọ́ ìró wírí-wírí nínú rẹ̀. Ìyẹ̀ ti bo ilẹ̀. Nínú báàgì mẹ́wàá, méje ti di ihò lásán. Ẹni tó ń sin adìẹ ló bá wa kó o, ní iye tí a ò lè sọ sétí ọmọ wa. Owó ilé-ìwé àbíkẹ́yìn wa ló wà nínú báàgì méje yẹn o.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Báàgì méjì tó wà nílé, kòkòrò wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò pọ̀. A fẹ́ ẹ, a ṣà á, a tà á ní iye tí ọjà ń tà.

Ẹnì kan náà ló tà á fún wa. Ọjọ́ kan náà la rà á. Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn kan ní alájàpá ló da ẹ̀wà èṣí mọ́ tuntun fún wa. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ ká sùn, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tó kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ jókòó tì wá, ó ṣàlàyé rẹ̀ títí ó fi yé wa. Ohun tó yé wa la fẹ́ kí ó yé yín náà.

KÒKÒRÒ KÌ Í TI INÚ OORU JÁDE

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ooru ló ń bí kòkòrò, pé bí ẹ̀wà bá ti lóoru, kòkòrò á kàn yọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Láti oko ni kòkòrò ti ń bá ẹ̀wà wá. Abo rẹ̀ á yé ẹyin sára èèpo ẹ̀wà nígbà tó ń gbẹ lóko. Bí a bá pa ẹ̀wà náà tán, tó dé inú báàgì, á máa yé e sára hóró gan-an. Ẹyin ọ̀hún kéré, ó funfun, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹnu abẹ́rẹ́ to ẹfun sára ẹ̀wà. Bí ẹ bá gbé hóró sí ojú oòrùn, ẹ ó rí i tó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́.

Nígbà tí ẹyin bá pa, ìdin kékeré á lu hóró wọlé lọ tààrà. Inú ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹ, ibẹ̀ ni yóò ti dàgbà, a ò sì ní rí i. Ọjọ́ tí a bá rí kòkòrò tó ń rìn lórí ẹ̀wà, ó ti parí iṣẹ́ ibi tó wá ṣe. Èyí tó ti dàgbà kì í jẹ ẹ̀wà mọ́. Kí ó gùn, kí ó yé ẹyin, kí ó sì kú láàrin bí ọ̀sẹ̀ méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí wá ni iṣẹ́ ooru níbẹ̀? Ooru ló ń sọ bí yóò ṣe yá tó. Ara tiwa, ìbáà jẹ́ ọyẹ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, bíi dígírì 37 ló máa ń wà bí àìsàn kò bá sí. Dígírì yìí ni nọ́ọ̀sì ń kà nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru sí abíyá ọmọ. Kòkòrò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ibi tó wà bá ṣe gbóná ni ara rẹ̀ ń gbóná. Bí ibẹ̀ bá tutù, á máa ṣe ohun gbogbo jẹ́jẹ́. Bí ibẹ̀ bá móoru, á máa sáré. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ògì, ẹ mọ irú rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, ògì kì í tètè kan. Ní ìgbà ooru, kí a tó ṣẹ́jú, ó ti kan. Àgbàdo kan náà ni, omi kan náà ni, ooru ló yàtọ̀.

Ní bíi dígírì 30 sí 32, láti ọjọ́ tí abo kòkòrò ẹ̀wà bá yé ẹyin títí di ọjọ́ tí ọmọ yóò lu hóró jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Ní dígírì 25, ó lè sún mọ́ ogójì ọjọ́. Ní dígírì 20, ó lè ju oṣù méjì lọ. Bí ibẹ̀ bá tutù tó dígírì 15, ìdin kò ní lè dàgbà mọ́. Bí ó bá sì gòkè kọjá 35, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín. Ní dígírì 57, bí ó bá wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, àtẹyin, àtìdin, àti àgbà, gbogbo wọn ló ń kú. Ti àgbàdo náà kò jìnnà sí i: ní bíi dígírì 27, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni kòkòrò rẹ̀ ń lò láti ẹyin dé àgbà.

Ẹnì kan yóò ní, “Ṣebí sítọ́ọ̀ wa gbóná bí ààrò lọ́sàn-án, kí ló dé tí kò pa wọ́n?” Ìbéèrè gidi nìyẹn. Afẹ́fẹ́ abẹ́ páànù ló ń gbóná bẹ́ẹ̀. Àárín báàgì kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Kí ooru ọ̀sán tó wọ ibẹ̀ tán, alẹ́ ti lẹ́. Kí òtútù alẹ́ tó wọ ibẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́, páànù tún ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, inú báàgì á kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ tọ̀sán-tòru, ní ìwọ̀n tí kòkòrò fẹ́ràn jù lọ. Ibùsùn la tẹ́ fún un yẹn.

Bí wọ́n bá sì ti pọ̀ nínú báàgì, àwọn fúnra wọn á tún máa mú ooru àti ọ̀rinrin jáde. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ báàgì, tí àárín rẹ̀ gbóná ju ẹ̀gbẹ́ lọ, ẹ má fi falẹ̀. Wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀.

Ọyẹ́ náà wà níbẹ̀ tó ń tàn wá. Nígbà tí òtútù bá mú, ẹyin àti ìdin wà nínú hóró, wọn ò kàn tètè dàgbà ni. A ó wò ó, ẹ̀wà mọ́, a ó sanwó, a ó tì í mọ́nú sítọ́ọ̀. Oṣù kejì á dé, ooru á dé, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. A ó wá máa bú alájàpá.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ RẸ̀

Àwa kò kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò mọ ìṣirò ọjà? Abo kòkòrò ẹ̀wà kan lè yé tó ẹyin 80. Ká ní ìdajì bàjẹ́, ó ku 40. Ká ní ìdajì 40 yẹn jẹ́ abo, abo 20 nìyẹn.

Ní sítọ́ọ̀ tí inú báàgì rẹ̀ tó dígírì 30, ká fún ìran kọ̀ọ̀kan ní oṣù kan. Ìparí oṣù kìíní, kòkòrò 40. Ìparí oṣù kejì, abo 20 lọ́nà 40, ó di 800. Ìparí oṣù kẹta, abo 400 lọ́nà 40, ó di 16,000. Láti ara ẹyọ kan ṣoṣo o!

Ní ibi tó jẹ́ dígírì 25, láàrin oṣù mẹ́ta yẹn náà, ìran méjì péré ni yóò lè parí. 800 nìyẹn. Lójú ayé, kì í lọ geere bẹ́ẹ̀, nítorí oúnjẹ lè há mọ́ wọn, àwọn kan á sì kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dorí kọ. Dígírì márùn-ún péré ló ya 16,000 sọ́tọ̀ kúrò lára 800. Ó jọ pé ohun tó yọ báàgì méjì wa nílé nìyẹn. Kì í ṣe ayé. Ògiri alámọ̀ àti ìbòòji igi máńgòrò ni.

ÒÒGÙN OLÓMI KỌ́ NI ÀTÚNṢE

Ẹ má bínú, a fẹ́ sọ òótọ́. Àwọn kan nínú wa ń wọ́n òògùn tí wọ́n fi ń pa ẹ̀fọn àti aáyán sórí ẹ̀wà. A mọ ara wa. Dichlorvos lorúkọ ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Oníbàárà tó bá ra ẹ̀wà yẹn lọ, ọmọ ló fẹ́ sè é fún. Ọmọ tiwa náà ń jẹ lára rẹ̀. NAFDAC ti kìlọ̀ títí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ó sì ti ba ọjà wa jẹ́. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ, nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n gbà. Àwọn ènìyàn wa tó wà lókè òkun tí wọ́n ń wá olóyin tí wọ́n yóò fi ṣe mọ́ínmọ́ín, wọ́n jìyà rẹ̀. Àwọn tó ń kó ẹ̀wà ránṣẹ́ náà jìyà rẹ̀.

Àwọn mìíràn ń ju òògùn oníhóró tó ń tú gáàsì sínú sítọ́ọ̀ tí àwọn alábàárù ń sùn tì. Gáàsì yẹn kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí kòkòrò. Iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ ni, kì í ṣe tiwa. Bí a bá sì pa àwọn tòní, tí a dá ẹ̀wà padà sínú ooru yẹn, tí èyí tó wà nínú báàgì ẹlòmíràn sì rìn wá, kí la ṣe?

KÍ OORU KAN NÁÀ JÀ FÚN WA

Gbogbo wa la máa ń sá ẹ̀wà sóòrùn lórí ẹní. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Kòkòrò tó ti dàgbà á kàn rìn lọ síbi ìbòòji, a ó máa rò pé ó tán. Ẹyin àti ìdin inú hóró kò lọ síbì kankan, nítorí orí ẹní kì í gbóná tó láti pa wọ́n.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn onímọ̀ ní Kamẹrúùnù àti ti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà jọ ṣiṣẹ́ lé lórí. Kò la òògùn lọ. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí àpò òfìfo sílẹ̀, kí ilẹ̀ má baà fa ooru. Ẹ tẹ́ ọra dúdú lé e. Ẹ da ẹ̀wà sórí rẹ̀, kí ó fẹ́lẹ́, bíi kí ó nípọn tó ìka kan. Ẹ fi ọra tó mọ́ gaara bò ó lókè, ẹ ká etí ọra méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ yíká. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa, kí ó wà níbẹ̀ ó kéré tán wákàtí méjì, ní ọ̀sán gangan. Ooru inú rẹ̀ lè kọjá dígírì 60. Kò sí ẹyin, kò sí ìdin tí yóò là á já. Ọra tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, tó gùn ní mítà mẹ́ta, lè gba ẹ̀wà 50 kílò lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e síbi ìbòòji kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í, nítorí bí ẹ bá dì í pẹ̀lú ooru, yóò làágùn, yóò sì bu. Ẹ má sì dà á padà sínú báàgì àtijọ́ tí kòkòrò wà lára rẹ̀. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ló dára jù: ọra nípọn méjì nínú, àpò líle lóde. Bí a bá so ẹnu ọra kọ̀ọ̀kan dáadáa, kòkòrò tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí tó, kò sì ní lè bí sí i.

Oníbàárà tó bá ra kóńgò kan tàbí méjì, ẹ sọ fún un pé bí ó bá ní fírísà tí iná rẹ̀ dúró, kí ó kó ẹ̀wà síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Òtútù yẹn náà á pa wọ́n. Àwa ní ọjà, ẹ jẹ́ ká dúró ti oòrùn. Òun kì í mú iná lọ.

OHUN TÍ À Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Èyí ni àbá wa. Kí á fi owó ẹgbẹ́ fi àjà sí abẹ́ páànù sítọ́ọ̀. Kí á fi ọ̀dà funfun kun òkè páànù, kí ó lè dá oòrùn padà. Kí á la fèrèsé alápapọ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì sókè ògiri ní ọ̀tún àti òsì, kí á máa ṣí i lálẹ́ kí á sì máa tì í lọ́sàn-án gangan. Kí á ra pákó tí a ó máa to báàgì lé, kí ó má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Kí á ra ọra dúdú àti ọra gaara tí ẹgbẹ́ yóò máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lò, ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Kí á ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru kan kọ́ sí ara ògiri. Kí á kọ ọjọ́ tí báàgì wọlé sára rẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Kí á sì gbá sítọ́ọ̀ mọ́ féfé kí ẹ̀wà tuntun tó wọ ibẹ̀. Hóró márùn-ún tó bọ́ sí kọ̀rọ̀ lọ́dún tó kọjá ló ń kó ran ti ọdún yìí.

NSPRI, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí lórí ìpamọ́ oúnjẹ, Ìlọrin ni olú ilé wọn wà, kò jìnnà sí wa. Kí ìyá wa Ìyálọ́jà bá wa kọ ìwé sí wọn, kí wọ́n wá fi hàn wá lójú. Àwa yóò kọ ìwé náà, ọwọ́ wọn nìkan la nílò nísàlẹ̀ rẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Àwọn aláṣọ àti àwọn aláta tútù yóò ní, “Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀wà?” Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ̀wà wa bá jẹ lóṣù kẹrin, lọ́jọ́ wo la ó wá ra aṣọ lọ́wọ́ yín? Ẹ̀wà tí ẹ óò rà jẹ nínú oṣù kẹfà, ta ni yóò san owó báàgì tó bàjẹ́ lórí rẹ̀? Àwọn ẹlẹ́lùbọ́, àwọn alágbàdo, àwọn ọlọ́kà bàbà, sítọ́ọ̀ kan náà la jọ ń lò. Ilé tó ń jó, kì í béèrè yàrá ta ni.

Àwọn mìíràn yóò ní aṣọ ẹgbẹ́ ni iyì wa. Lóòótọ́, iyì ni. Àwa náà fẹ́ràn kí á wọ ankárá kan náà, kí á jó wọ inú gbọ̀ngàn, kí àwọn ọjà tó kù máa wò wá. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ aṣọ tuntun, tí kòkòrò ń bẹ nínú kóńgò tí a fi ń wọn ẹ̀wà fún oníbàárà, irú iyì wo nìyẹn? Aṣọ lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ooru oṣù kejì kò ní dúró dè wá.

Ẹ jẹ́ ká pàdé níbi ìpàdé. Ẹni tí èyí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí ó dìde sọ tirẹ̀, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, a ò ní yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá, ẹ ti ọwọ́ bọ àárín báàgì tí ẹ ní nílẹ̀. Bí ó bá gbóná, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó dìbò sí.

Ire o. Ọjà á tà.

Àwa ni, akọ̀wé yín, láti ìlà àwọn ẹlẹ́wà.